Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi àti Ìmọ́lẹ̀ Aláwọ̀ Méjì

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kó kúrò lọ́rùn mi: ọmọ mi ti hu eyín. Méjì, nísàlẹ̀, wọ́n funfun bí òwú. Ọmọ oṣù méje! Ìyá Àgbà là ń pè é nínú ilé, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé mi láyà ló ti lejú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé, "Ìwọ náà, ta ló mú ọ wá síbí?" Inú mi ń dùn débi pé bí mo bá pàdé ẹni tí mi ò mọ̀ rí lórí àtẹ̀gùn, màá kí i, màá sì sọ ti eyín náà fún un. Ọkọ mi ní ẹnu mi yìí, bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, iná ò ní í lọ mọ́ ládùúgbò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín ni mo jókòó kọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n ti lé ní ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ, ó ń gbé ní yàrá kan àti pálọ̀ lókè wa gan-an. Tó bá ń rìn, a máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àjà: láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, láti ìdí fèrèsé dé orí àga, ó parí. Tó bá ti jókòó, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Láàbù físíìsì ilé-ìwé girama tó wà lẹ́yìn òpópónà wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe tíṣà o. Òun ló ń nu tábìlì, òun ló ń ka lẹ́ǹsì kó tó kó wọn jáde fáwọn ọmọ, òun náà ló ń kà wọ́n kó tó kó wọn padà. Wáyà tó bá já, òun ló ń so ó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Láàbù, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lórúkọ míì.

Iṣẹ́ kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe tí kò sẹ́ni tó lè ṣe é bí i tiẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Á mú gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré kan, á gbé e sókè àbẹ́là títí èéfín á fi bò ó dúdú. Á mú abẹ ìfárùngbọ̀n tuntun méjì, á ki bébà sáàárín wọn, á so wọ́n pọ̀ gírígírí, á wá fa ẹnu abẹ méjèèjì kọjá lórí èéfín yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fìrì! Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á là sójú èéfín náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbọọrọ bí irun. Tí o bá tan iná lésà gba inú ihò méjèèjì kọjá sára ògiri, wàá rò pé ìlà méjì lo máa rí. Irọ́ ni. Ìlà rẹpẹtẹ ni: ó mọ́lẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó mọ́lẹ̀, ó ṣókùnkùn, bí ẹsẹ̀ àkàbà. Ẹ̀gbọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń rú bí omi ni, ìgbì ẹ̀ ń jáde látinú ihò méjèèjì. Ibi tí ìgbì méjèèjì bá ti fẹnu kò, á mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń bára wọn jà, á ṣókùnkùn. Mo ní, "Bí ọkọ àti ìyàwó." Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò kí ń rẹ́rìn-ín mọ́ ni, òun ni mò ń bọ̀ wá sọ.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ní kí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàbù láìní ìwé ẹ̀rí máa jókòó ṣe ìdánwò lọ́dọọdún. Ẹni tó bá gba àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún á di tẹkiníṣàn, wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá. Ọdún kìíní, Ẹ̀gbọ́n gba mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọkọ mi ní nígbà yẹn ó sunkún, ó tún ń fi ara ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ọdún kejì, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kò sunkún, ó kàn dákẹ́. Ọdún kẹta, mẹ́rìnlélógójì. Ọdún yẹn ni mo wọlé wọn bí ìyàwó, nítorí náà mi ò mọ Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣẹ̀fẹ̀ rí. Ẹni tí mo bá nílé ni ẹni tó ń ní "Ó dáa" sí gbogbo nǹkan.

Òjò wọlé láti ojú fèrèsé ẹ̀, ó rin ibùsùn. "Ó dáa." Wọ́n jí bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ó dáa." Ọkọ mi ní tí wọ́n bá ní ilé ń jó, Ẹ̀gbọ́n á bèèrè pé ṣé ti àwa ni, tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á ní ó dáa. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo gòkè lọ bá a, ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò omi tó ń hó kúrò lórí iná. Mo pariwo. Ó rọra gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ó ní, "Ó gbóná, àbí?" Èmi ló ń bi o!

Ọmọ mi ńkọ́? Ọmọ tí gbogbo ayé ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi! Ó máa ń gbé e bó ṣe ń gbé lẹ́ǹsì: ọwọ́ méjì, kò mì, kò gbé e jó. Á wò ó sọ́tùn-ún, á wò ó sósì, á dá a padà fún mi láìfọ́. Mo máa ń bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Mo fẹ́ kó ki ọmọ mi ní oríkì kan, kódà kó kàn ṣe "ńgà" sí i. Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ èèyàn, kò lè fi í tọrẹ.

Lẹ́tà wá dé lọ́dún yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kẹrin, kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní láàbù ní òpin sáà. Ọkọ mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n ní kó má jókòó síbẹ̀, eruku wà ńbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá máa wá ka ìbéèrè fún yín lọ́sàn-án. Ẹ ó máa ṣe é, èmi ó máa wo aago."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó sá ní kíláàsì físíìsì?"

"Mo sá, mi ò kú. Mo ṣì mọ nọ́ńbà kà."

"Ó dáa," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ti ti ilé-ìwé dé, màá gbé ọmọ mi gòkè. Tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ máa ń wà ní títàn láìsí ohùn, àwọn èèyàn inú ẹ̀ á máa la ẹnu, á máa pa á dé, a ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi lórí àga gígùn pẹ̀lú ọmọ lọ́mú, òun nídìí tábìlì. Gbogbo ìbéèrè iná mànàmáná ló ń gbà, ti ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni ń ká aṣọ. A wá dé orí ti ìmọ́lẹ̀.

Mo kà á jáde pé: ìmọ́lẹ̀ pupa tí gígùn ìgbì ẹ̀ jẹ́ 650 nánómítà, àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí tiẹ̀ jẹ́ 520, gba inú ihò méjì kan náà kọjá. Àlàfo ihò méjèèjì jẹ́ 0.4 mìlímítà, ògiri jìnnà tó mítà méjì. Níbo lára ògiri ni ìlà pupa àti ìlà ewé á ti kọ́kọ́ bọ́ sórí ara wọn, yàtọ̀ sí àárín gbùngbùn?

Kí n tó gbójú sókè, ó ti ní, "Ìkẹrin pupa, ìkarùn-ún ewé."

"Ẹ ò tíì kọ nǹkan kan!"

"Mo ti rí i lára ògiri rí. Ibẹ̀ máa ń yọ àwọ̀ ìyeyè." Ó wá fi bíírò kọ ọ́ fún mi, nítorí tèmi. 650 lọ́nà mẹ́rin, 2600. 520 lọ́nà márùn-ún, 2600. Kò síbi tí wọ́n ti lè pàdé ṣáájú ìyẹn.

Ó yé mi! Mo ní, "Àṣé bí èmi àti àbúrò yín ṣe ń rìn ni. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ gùn, tèmi kúrú. A jọ gbéra lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo gbé márùn-ún, a jọ tẹ ojú ibì kan náà. Kó tó débẹ̀, èmi lẹ́yìn, òun níwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ó sì ń ṣírò lọ. Gígùn ìgbì, ó fi ìjìnnà ògiri sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi àlàfo ihò pín in, ó mú ìdáhùn, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. "Mìlímítà mẹ́wàá àti pọ́ìntì mẹ́rin."

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàlá ni wọ́n kọ síbí."

"Ó dáa."

"Kí ló dáa ńbẹ̀? Ẹ ò gbà á."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ti ìmọ́lẹ̀, mi ò kí ń gbà á." Ó pa ìwé dé. "Ṣé ọmọ ti yó?"

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ la ihò, tó ń fojú rí ìlà lára ògiri láti ọdún mọ́kàndínlógún, òun ni kì í gba ti ìmọ́lẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gòkè lọ́wọ́ àárọ̀. Mo ní kó jẹ́ n rí ìwé ìdánwò ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀, kó tó di pé ó lọ fọ aṣọ ní balùwẹ̀. Mo bèèrè bóyá ó ti fi wọ́n han ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ọdọọdún ló ń gbé e lọ bá Tíṣà Físíìsì. Tíṣà á wò ó, á ní, "Iye yín ò pé, Àǹtí, ẹ máa fọkàn balẹ̀ ṣírò," á dá a padà.

Mo kó wọn lé itan. Ìyá Àgbà ń mu ọmú, ó dé ibì kan, ó gé mi jẹ. Mo ta, gbogbo ìwé fọ́n ká sílẹ̀. Mi ò lè dìde. Mo kàn fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa èyí tó sún mọ́ mi, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ síwájú ara mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbéèrè lókè, ìdáhùn nísàlẹ̀. Ojú mi kò wo físíìsì kankan o. Nọ́ńbà ni mò ń wò, bí ẹni ń ka ẹyẹ.

Ìbéèrè ọdún kìíní ní 0.3. Ẹ̀gbọ́n kọ 0.4. Ọdún kejì ní 0.2. Ó kọ 0.3. Ọdún kẹta ní 0.5. Ó kọ 0.6.

Mo tún wò ó. Mo ké, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá ná! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Pọ́ìntì kan yìí, níbo lẹ ti rí i?"

"Ewo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń rò mọ́ ọn. Wọ́n ní mẹ́ta, ẹ ní mẹ́rin. Wọ́n ní méjì, ẹ ní mẹ́ta."

Ó wo ìwé, ó wò mí, bí ẹni tí ọmọ kékeré bi pé kí ni omi. "Abẹ ni."

"Abẹ wo?"

"Abẹ tí wọ́n fi gé e. Bí bébà tó wà láàárín ṣe nípọn tó, ìyẹn ni wọ́n ń kọ sára gíláàsì. Àmọ́ abẹ fúnra ẹ̀ náà nípọn, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Tó ò bá ro abẹ mọ́ bébà, àlàfo ò pé. Tíṣà àtijọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́: iye yòówù kí wọ́n pè fún ọ, má gbàgbé abẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí abẹ nínú ìdánwò!"

"Ta ló wá gé ihò náà?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mo ní, "Ẹni tó kọ ìbéèrè ni. Ó ti gé e, ó ti fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ti ro abẹ mọ́ ọn kó tó kọ ọ́ fún yín. Pọ́ìntì mẹ́rin tó kọ, pọ́ìntì mẹ́rin ni."

Ó dúró. Ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ó wá padà wọ balùwẹ̀, mo gbọ́ tó ń fọ aṣọ lọ, fọ́wọ́-fọ́wọ́-fọ́wọ́, kò yára, kò falẹ̀. Nígbà tó sá aṣọ tán, ó jáde wá jókòó.

"Ti ọdún kìíní, ká ní mi ò ro abẹ, mélòó ni mo máa gbà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Máàkì méjìlá ló wà lórí ìbéèrè yẹn, odo ni wọ́n fún un. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà. Kò sẹ́ni tí kò lè rò ó. Òun náà rò ó, mo rí ètè ẹ̀ tó mì díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mì mọ́.

Ẹ ó rò pé ó tán. Kò tán o. Mímọ̀ ò ní kí ọwọ́ jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù, mo fún un ní ìbéèrè mẹ́wàá, ó ro abẹ mọ́ méje. Kì í tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, abẹ!" Á wò ó, á fà á nù, á tún un kọ. Kò kanra, kò rojọ́. Ọjọ́ kejì, mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta, ó tún padà sí méje. Mo ní kó máa kọ ọ́ sókè ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ pé: "Wọ́n ti gé e." Ó ń kọ ọ́. Á kọ "Wọ́n ti gé e," tán, á tún ro abẹ mọ́ ọn nísàlẹ̀! Ọkọ mi ò fárùngbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ń gbààwẹ̀ abẹ. Irùngbọ̀n ẹ̀ wá rí játijàti, Ìyá Àgbà ò mọ̀ ọ́n mọ́, ó ń sá fún un. Àwa méjì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n ń kọ ìṣirò lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan, méjì ló rò mọ́ ọn nínú mẹ́wàá. Mo ní kí á fi í síbẹ̀.

Mo sìn ín lọ síbi ìdánwò. Gbọ̀ngàn kan tó ní fèrèsé gíga ni. Mo jókòó síta lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọ, mo ń sọ ti eyín fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó jáde, mo fò dìde.

"Ṣé ti ìmọ́lẹ̀ wà ńbẹ̀?"

"Ó wà. 600 àti 450. Àlàfo, pọ́ìntì mẹ́ta. Ògiri, mítà kan àtààbọ̀."

Mo ti ń fọwọ́ ṣírò. Ìkẹta ti 600, ìkẹrin ti 450. Mìlímítà mẹ́sàn-án géérégé tí kò bá ro abẹ. Tó bá rò ó, mẹ́fà ó lé. "Kí lẹ kọ?"

"Mi ò rántí."

"Ẹ̀gbọ́n! Mẹ́sàn-án àbí mẹ́fà?"

"Mo ní mi ò rántí, ìyàwó wa. Ọwọ́ mi kọ ọ́, mo gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń pa ọmọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì. Kò mẹ́nu bà á. Àmọ́ mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé pé Àǹtí Láàbù ń lẹ bébà mọ́ gbogbo nǹkan: dúrọ́ọ̀ yìí, wáyà ló wà ńbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ẹ má ṣí i kíákíá, ilẹ̀kùn ẹ̀ ti yẹ̀. Ó ń palẹ̀ mọ́ fún ẹni tó máa gba ipò ẹ̀. Ọkọ mi gbọ́, kò jẹun tán. Èmi náà, mo pàdé ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn, mo gbàgbé láti sọ ti eyín fún un.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo gbà á nísàlẹ̀. Mo gbé e gòkè fún un. Ó ní kí n ṣí i. Méjìdínláàádọ́rin! Wọ́n ní kó wá gba ìwé tẹkiníṣàn. Mo ké, ọmọ ké, ọkọ mi sáré gòkè pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n dúró bí òpó nínú ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ṣé tèmi ni?" Ó gba lẹ́tà, ó kà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ àwo. Ó ní ó dáa.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì bínú. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ kó fò, mo fẹ́ kó ṣe nǹkan kan, kó tiẹ̀ ṣubú. Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ padà wọ ibẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni òun."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fẹ́ fọ́tò ẹ̀ fún fọ́ọ̀mù, ó gbàgbé ẹ̀ sílé, mo gbé e lọ fún un. Ó ń nu lẹ́ǹsì nídìí tábìlì gígùn. Mo ti ń yọ fọ́tò láti inú báàgì nígbà tí Tíṣà Físíìsì wọlé, tọwọ́tẹsẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Láàbù! Ẹ kú oríire o! Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà á lọ́dún yìí."

Aṣọ tó fi ń nu lẹ́ǹsì dúró. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀! Mo tiẹ̀ sọ fún wọn ní sítáàfù-rúùmù."

"Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ìwé mi wá bá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, a jọ wò ó—"

"Ẹ wò ó. Ẹ ní iye mi ò pé. Ẹ̀yin náà ń ro abẹ níbí. Lórí tábìlì yìí, ojoojúmọ́, ẹ̀ ń sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n ro abẹ mọ́ bébà Àǹtí Láàbù. Ẹ rí pọ́ìntì kan yẹn nínú ìwé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ẹ bi mí rí pé níbo ni mo ti rí i?"

Tíṣà fọwọ́ kan ra ọrùn. "Àǹtí, ẹ má bínú—"

"Mò ń bínú."

Ó sọ ọ́, ojú ẹ̀ sì là bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Ó rọra gbé lẹ́ǹsì sílẹ̀. "Mò ń bínú gan-an ni. Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń rò pé mo ya òmùgọ̀! Ìyàwó ilé wa tó ń fọ́mọ lọ́mú ló wá bi mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí méjì!" Ohùn ẹ̀ ń lọ sókè. Mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí, ó tóbi, ó dún lára ògiri. Àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ níta yọjú wọ fèrèsé.

Tíṣà wò mí. "Ìyàwó, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sì yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, èmi náà mọ̀. Ìyàwó ilé ló ń kúnlẹ̀ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tí á máa ní ẹ jẹ́ ó tán, ẹ jẹ́ ó tán. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀, ó ń tẹ́ ìka lórí tábìlì, ó ń ka ọdún náà fún Tíṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó gbé ìwé wá, aṣọ tí Tíṣà wọ̀, ohun tó sọ.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú díẹ̀ ná, sà."

Mo fa àga kan fún Tíṣà, mo fa òmíràn fún ara mi, mo gbé ọmọ mi sí èjìká kejì, mo jókòó.